Ǹjẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Lè Mú Arúfin Jáwọ́ Nínú Ìwà Rẹ̀?

Nínú yàrá ìkàwé kan ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, olùdarí kan pín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí méjì-méjì. Ó fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sọ́wọ́ ẹnì kan nínú méjèèjì, ó ní kó di ọwọ́ mọ́ ọn. Ó wá kọjú sí ẹnì kejì, ó ní, "O ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti gba bọ́ọ̀lù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, yàrá ti dàrú. Èyí ń tú ìka, èyí ń lọ́ ọrùn ọwọ́, àwọn kan ti wó lulẹ̀. Nígbà tí àkókò pé, olùdarí bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé, "Jọ̀ọ́, fún mi ní bọ́ọ̀lù yẹn"? Ìdáhùn wọn kì í sábà yàtọ̀. Èyí á ní kò ní fún òun. Òmíràn á ní wọ́n á rò pé ojo ni òun. Olùdarí á wá yíjú sí àwọn tó di bọ́ọ̀lù mú: bí wọ́n bá tọrọ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á ní àwọn ì bá fún un. Bọ́ọ̀lù lásán ni, kí làwọn fẹ́ fi ṣe?

Ẹni tó bá ń wòran á ní eré ọmọdé ni. Àmọ́ ètò tí eré yìí wà nínú rẹ̀, Becoming a Man, tí àjọ Youth Guidance ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn àdúgbò tí ìbọn ti ń dún ní Chicago, ti la ìdánwò tó le kọjá. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Chicago ṣẹ́ kèké láàárín àwọn ọmọ: kèké mú àwọn kan wọ inú ètò náà, ó fi àwọn kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò. Ní àsìkò tí ètò ń lọ lọ́wọ́, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú àwọn tó wà nínú rẹ̀ nítorí ìwà ipá fi ìwọ̀n 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ sísọ nínú yàrá ṣe ń ṣe ohun tí àhámọ́ kì í sábà lè ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìmọ̀ ìgbaninímọ̀ràn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú, ìdí tó fi ń hu ìwà tó ń hù, àti ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà ràn án lọ́wọ́ kó lè yí i padà.

Ẹ̀rù kò ṣe é, àánú nìkan kò ṣe é

Ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé kí wọ́n dẹ́rù ba ọ̀daràn, á tún ìwà ṣe. Ní 1976, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó dá lórí ìgbàgbọ́ yìí. Wọ́n á kó àwọn ọmọ tó ti ń ya pòkíì wá sínú ọgbà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n á jágbe mọ́ wọn, wọ́n á sì ka ìyà inú ẹ̀wọ̀n sí wọn létí láìfi bò. Fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 1978, Scared Straight!, gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ọ̀pọ̀ ìlú sì fara wé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí James Finckenauer ti Yunifásítì Rutgers fi àwọn ọmọ tó lọ wé àwọn tí kò lọ, àwọn tó lọ ló tún wá dáràn jù. Ìdánwò tí àwọn ẹlòmíràn ṣe lẹ́yìn tirẹ̀ kò tako èyí: ẹ̀rù kì í dín ọ̀ràn kù, ó tilẹ̀ lè fi kún un.

Ní Cambridge àti Somerville, lẹ́bàá ìlú Boston, ìfẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Láti 1939, wọ́n pín àwọn ọmọkùnrin 506 sí ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ apá kan ní olùdámọ̀ràn tó ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, wọ́n kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àfikún, wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ ìsinmi. Wọn ò ṣe nǹkan kan fún apá kejì. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, olùwádìí kan, Joan McCord, wá wọn rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti di baálé ilé, ní ètò náà ran àwọn lọ́wọ́ gan-an. Àkọsílẹ̀ sọ ohun mìíràn. Nínú àbájáde tí McCord tẹ̀ jáde ní 1978, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ kò sàn ju àwọn yòókù lọ ní ti ìwà ọ̀daràn, wọ́n sì burú jù wọ́n lọ ní ti ọtí, àárẹ̀ ọpọlọ àti ikú àìtọ́jọ́.

Kí ìròyìn yẹn tó jáde, Robert Martinson ti ka ìwádìí 231 lórí àtúnṣe ẹlẹ́wọ̀n, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1974. Ohun tí àwọn olóṣèlú àti onídàájọ́ rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Martinson fúnra rẹ̀ yí díẹ̀ padà lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1979, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ní Kánádà ni àwọn kan ti kọ̀ láti gbà. Don Andrews, Robert Ross àti àwọn ẹgbẹ́ wọn padà sínú àwọn ìwádìí náà, wọ́n sì ya àwọn ètò tó ṣàṣeyọrí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kùnà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ṣàṣeyọrí kì í dúró lórí ìwàásù tàbí ẹ̀rù. Wọ́n máa ń mú èrò arúfin, wọ́n á tú u wò, wọ́n á sì kọ́ ọ ní ohun tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ẹ̀ṣẹ́ tó balẹ̀

Láti mọ ìdí tí ìyẹn fi ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn ẹni tó fẹ́ dáràn. Albert Ellis ní New York ní àwọn ọdún 1950, àti Aaron Beck ní Philadelphia ní àwọn ọdún 1960, ló la ojú ọ̀nà yìí. Ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ àwọn méjèèjì, níbi tí aláìsàn á ti nà gbalaja lórí àga, tí á máa sọ ìrántí ìgbà èwe rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn méjèèjì fi í sílẹ̀. Beck ṣàkíyèsí pé bí àwọn aláìsàn òun ṣe ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ń sáré kọjá lọ́kàn wọn tí wọn kì í sọ jáde, tí àwọn fúnra wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Èrò òjijì ni irú èrò bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tó pè é, ó yọjú fúnra rẹ̀, ènìyàn á sì ti gbà á ní òótọ́ kó tó mọ̀ pé òun rò ó rárá.

Bí àpẹẹrẹ, ọ̀dọ́kùnrin kan dúró ní garéèjì, ẹnì kan ń kọjá lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Kí ó tó ṣẹ́jú, èrò òjijì ti dé: "Ó fojú di mí." Òmíràn gun orí rẹ̀: "Bí mo bá gbà fún un, gbogbo àwọn tó wà níbí á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀ṣẹ́ balẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá bi í léèrè, á ní, "Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo bá gbá a," bí ẹni pé kò sí ohunkóhun láàárín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́. Àárín yẹn gan-an ni agbaninímọ̀ràn ń wá wọ̀. Ẹlòmíràn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, tó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Kò rí mi ni," á kàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Kenneth Dodge dán èyí wò ní 1980 pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn oníjà àti àwọn tí kì í jà. Ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé ọmọ mìíràn ló ba iṣẹ́ àtòpọ̀ tí wọ́n ń ṣe jẹ́. Nígbà tó hàn gbangba pé ọmọ náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà á jẹ́, inú bí gbogbo wọn. Nígbà tó hàn pé àṣìṣe ni, àwọn ọmọ oníjà náà mú un mọ́ra. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti ṣe kedere ni wọ́n ti yàtọ̀: àwọn ọmọ oníjà gbà pé ibi ni ẹni yẹn rò sí àwọn, wọ́n sì gbẹ̀san. Ìfura òdì ni èyí, kí ènìyàn máa ka ohun tí kò dá a lójú sí ibi. Ẹni tí ìfura òdì wà lára rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ló ń dá ìjà sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ńṣe ló ń gbèjà ara rẹ̀.

Àwọn olùwádìí Chicago kò pe irú ìyára bẹ́ẹ̀ ní ìwà òmùgọ̀. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ja ọmọ lólè lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá dúró ronú lè di ẹran ìjẹ, kí ó tètè fèsì á sàn fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara ti mọ́ èsì yẹn, ó wá ń bá ọmọ náà wọ iwájú olùkọ́ àti iwájú ọlọ́pàá. Ohun tí eré bọ́ọ̀lù ń kọ́ ọ ni kó dúró díẹ̀, kó bi ara rẹ̀ pé irú ibo lòun wà yìí, kó tó ṣe ohunkóhun.

Àwíjàre márùn-ún

Ìbínú nìkan kọ́ ló ń fa ọ̀ràn. Ẹni tó jókòó gbìmọ̀ olè fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ní ìbínú ló sún òun ṣe é. Ní 1957, Gresham Sykes àti David Matza bi ara wọn léèrè ìdí tí ọmọ tó mọ̀ pé olè kò dára ṣe ń jalè tí kò sì kórìíra ara rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ní àwíjàre, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń dá ara rẹ̀ láre. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé àwíjàre kì í dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ olè. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn rẹ̀ kó tó jáde nílé. Òun ló ń tú okùn tí ẹ̀rí-ọkàn fi dè é.

Oríṣi márùn-ún ni wọ́n kà. Èkíní, kí ènìyàn ní kì í ṣe ẹjọ́ òun: "Kò síṣẹ́ nílùú, kí ni kí n ṣe?" Èkejì, kí ó ní ìpalára kò sí: "Olówó ni, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ." Ẹ̀kẹta, kí ó ní ẹni tí òun ṣe é sí ló tọ́ sí. Ẹ̀kẹrin, kí ó kọjú ẹ̀sùn sí adájọ́: "Ọlọ́pàá àti òṣèlú, àwọn gan-an ni olè." Ẹ̀karùn-ún, kí ó ní nítorí àwọn ènìyàn òun ni: "Àbúrò mi mẹ́ta ló ń wò mí lójú." Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn ọmọ yahoo ṣe ń sọ̀rọ̀ á ti bá gbogbo márààrún pàdé. "Àwọn òyìnbó ló kó àwọn baba wa lẹ́rú, owó wa là ń gbà padà" wà lára ẹ̀kẹta. Obìnrin arúgbó tí wọ́n tàn jẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ, kò sí nínú gbólóhùn yẹn rárá. Iṣẹ́ tí gbólóhùn náà ń ṣe nìyẹn, ó ń yọ ojú ènìyàn kúrò nínú ọ̀ràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú àwíjàre? Irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìròyìn èrò. Arúfin á mú ọjọ́ kan pàtó, á kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn díẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Lábẹ́ rẹ̀, á to gbogbo èrò tó rò níjọ́ náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fi rò wọ́n gan-an. Á kọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Á wá wo àtòkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fa ìlà sábẹ́ èrò tó gbé e débi ọ̀ràn, á sì wá èrò mìíràn tí ì bá gbé e gba ibòmíràn. Bó bá ti kọ mẹ́fà tàbí méje, gbólóhùn kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onítọ̀hún á kọ́kọ́ rí i pé ìjà mẹ́ta àti olè méjì ní orísun kan ṣoṣo.

Ẹni tí wọ́n ń bá wí kì í gbọ́

Kò sí ẹni tó máa ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹni tó ń nàka sí i. Carl Rogers ti sọ láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá pé agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ohun mẹ́ta: kó gba ènìyàn bí ènìyàn láìka ohun tó ṣe sí, kó gbìyànjú láti fi ojú tirẹ̀ wo ayé, kó má sì ṣe àgàbàgebè. Àwọn kan rò pé ìyẹn jẹ́ kíkẹ́ ọ̀daràn. William Miller, tó ń tọ́jú àwọn ọ̀mùtí, rí ìdí mìíràn fún un: bí olùtọ́jú bá ṣe ń bá ọ̀mùtí jiyàn tó, bẹ́ẹ̀ lọ̀mùtí ń mu tó. Bí ènìyàn kan bá jókòó síwájú rẹ tó ń ka ìdí tó yẹ kí o fi jáwọ́, ìdí tí o kò fi ní jáwọ́ ni ẹnu rẹ á máa wá. Láti 1983 ni Miller ti ń kọ̀wé lórí ọ̀nà mìíràn, tí òun àti Stephen Rollnick sì sọ di ìwé ní 1991. Ìbéèrè atanijí lèèyàn lè pè é, ìbéèrè tó ń jẹ́ kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi yẹ kó yí padà. Láàárín agbaninímọ̀ràn kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jalè, ó lè lọ báyìí:

"Kí ni iṣẹ́ yìí ń ṣe fún ẹ gan-an?"

"Owó ni, ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo lè rí ohun tí kafíńtà ò rí lóṣù."

"Èyí tó wọlé kẹ́yìn, ó dà?"

"Ó ti tán. Owó yẹn kì í pẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Yàtọ̀ sí owó, kí ló tún ń mú bá ẹ?"

"Mi ò kì í sùn dáadáa. Bí mọ́tò bá dúró níta lóru, mo ti fò dìde. Mo ní ọmọ kan, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó mọ ibi tí mò ń gbé."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ń dùn ẹ́."

"Ó ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Agbaninímọ̀ràn náà kò sọ pé olè kò dára. Ó kàn ń gbọ́, ó ń dá ọ̀rọ̀ padà, ó sì dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ibi tó ti gbọ́ ohùn ìyípadà. Ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ti ní ìdí tirẹ̀ láti jókòó kọ ìròyìn èrò.

Ìdánrawò ní Monrovia

Kí ènìyàn mọ èrò rẹ̀, kó sì fẹ́ yí i padà, kò tíì tó. Ara gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ọmọṣẹ́ télọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ oníbàárà: bébà ni ọ̀gá á fún un, á ní kó máa wa ẹ̀rọ láìfi òwú sí i títí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á fi bára mu, kí aṣọ olówó tó bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ẹgbẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. Ẹnì kan á ṣe ọlọ́pàá tó ń jágbe, ẹnì kejì á ṣe ara rẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á pààrọ̀ ipò, àwọn yòókù á sọ ohun tí wọ́n rí.

Ibi kan tí wọ́n ti dán èyí wò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Monrovia, olú-ìlú Liberia. Àwọn ogun tó wáyé láàárín 1989 àti 2003 fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin sílẹ̀ sígboro; olè jíjà, òògùn olóró títà àti ìjà ni wọ́n fi ń jẹun. Johnson Borh àti àjọ rẹ̀ tó ń jẹ́ NEPI ti ń bá irú wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, kí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Christopher Blattman àti Julian Jamison, pẹ̀lú Margaret Sheridan, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tó bá wọn sọ ọ́ di ìdánwò. Ọkùnrin 999 ni wọ́n gbà wọlé. Kèké ló pín wọn sí mẹ́rin: àwọn kan gba ìgbaninímọ̀ràn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn kan gba owó dọ́là 200, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba nǹkan kan.

Nǹkan bí ogún ènìyàn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń darí wọn kì í ṣe oníwèé-ẹ̀rí ńlá. Àwọn náà ti gbé irú ayé yẹn rí, lójú ogun tàbí nígboro, kí wọ́n tó jáwọ́. Wọ́n kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń mí kanlẹ̀, tí á sì kúrò níbi tí ìbínú ti ń ru. Wọ́n kọ́ wọn láti fi owó kékeré pamọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ló ṣàjèjì jù: kí wọ́n gẹ irun, kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n wọ inú báǹkì lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì, tàbí kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kí wọ́n kàn wo ọjà. Ẹni tí gbogbo ìgboro ń sá fún gbà pé wọ́n á lé òun síta. Bí wọ́n bá kí i káàbọ̀, á gbé ìròyìn yẹn padà wá sínú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá lé e lóòótọ́, wọ́n á jọ tú u wò, á sì tún lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó gba owó nìkan ti padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ti àwọn tó gba ìgbaninímọ̀ràn nìkan ti ń ṣá. Àwọn tó gba méjèèjì ni ìyípadà wọn dúró, nígbà tí wọ́n sì tún wá wọn rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, olè àti irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣì fi bí ìdajì dín lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ná lé ẹnì kan lórí, owó ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 530.

Owó náà kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Èrè òwò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti pòórá láàárín ọdún kan, olè sì kó ti àwọn kan lára wọn. Àlàyé tí àwọn olùwádìí fún un ni pé owó yẹn ra àkókò ìdánrawò. Ẹni tó rí ọjà díẹ̀ tà, tó rí aṣọ gidi wọ̀, ní oṣù mélòó kan sí i láti máa hu ìwà ẹni tuntun láìjẹ́ pé ebi dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí owó fi máa tán, ìwà ti mọ́ ọn lára.

Ta ló yẹ kó gbà á?

Ní 1990, Andrews, James Bonta àti Robert Hoge to ohun tí wọ́n ti kọ́ ní Kánádà sí ìlànà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìlànà ewu: ẹni tó ṣeé ṣe jù pé kó tún dáràn ló yẹ kó gba ìrànlọ́wọ́ jù. Ó jọ pé kò bọ́gbọ́n mu, nítorí ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń ṣa àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó níwà jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewu rẹ̀ kéré á dára fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó sì lè bàjẹ́ bí wọ́n bá kó o mọ́ àwọn ògbólógbòó. Ìyẹn wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cambridge àti Somerville: nígbà tí McCord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àkọsílẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó lọ sí àgọ́ ìsinmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ètò náà ṣe ní ibi jù. Ọmọ ń kọ́ ọmọ níbẹ̀.

Ìkejì ni ìlànà ìdí. Ohun púpọ̀ ló lè máa da arúfin láàmú, àmọ́ díẹ̀ nínú wọn ló ń tì í sínú ọ̀ràn: èrò tó ń gbè sẹ́yìn ìwà ọ̀daràn, ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn, òògùn olóró, àìníṣẹ́, ìjà ilé. Àwọn yẹn ló yẹ kí ètò dojú kọ. Ìkẹta ni ìlànà ìbámu: kí wọ́n kọ́ ọ lọ́nà tó máa yé e. Ẹni tí kò lè kàwé kò lè kọ ìròyìn èrò. Wọ́n lè jẹ́ kó sọ ọ́ tàbí kó ṣe é bí eré.

Kí ni ènìyàn lè retí? Mark Lipsey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 58 jọ lórí irú ìtọ́jú tó ń tú èrò wò yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú àwọn arúfin 100 tí kò gbà á, nǹkan bí 40 ló tún padà sínú ọ̀ràn; nínú 100 tó gbà á, nǹkan bí 30. Ètò tó kọ́ni láti kápá ìbínú àti láti yanjú aáwọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù lára àwọn tí ewu wọn ga. Àwọn 30 yẹn ṣì wà, kò sì sí ọ̀mọ̀wé tó gbọ́n tó sọ pé wọn kò sí.

Ohun tí òfin 2019 gbà láyè

Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà sí 1959, nígbà tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn òṣìṣẹ́ onírúurú wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló pọ̀ sí jù láti ìgbà náà.

Ní ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n Nàìjíríà, oṣù Kẹjọ 2019 ni òfin tuntun sọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Òfin náà ní kí wọ́n máa wá ohun tó fa ìwàkiwà ẹlẹ́wọ̀n, kí wọ́n máa wọn ewu àti ìdí lára rẹ̀, kí wọ́n sì fìyẹn yan ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Méjì nínú ìlànà mẹ́ta Kánádà nìyẹn. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ mú un lò á kò ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní àhámọ́ ní Nàìjíríà ṣì ń retí ìdájọ́. Ẹni tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, wọn ò lè ní kó kọ ìròyìn èrò nípa ọ̀ràn tó ní òun kò dá. Wọ́n ṣì lè kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń kápá ìbínú àti bí ènìyàn ṣe ń yanjú aáwọ̀ láìsí ìjà, nítorí ìyẹn kò béèrè pé kí ó jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Òfin kan náà fàyè gba ìjìyà láìwẹ̀wọ̀n: iṣẹ́ ìlú, àti kí arúfin máa gbé nílé lábẹ́ àmójútó òṣìṣẹ́ kan. Kánádà ti wádìí ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ń mójú tó máa bára wọn sọ. Bonta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kèké yan àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí bí wọ́n ṣe lè bá arúfin wá èrò rẹ̀ rí, wọ́n sì ń pè wọ́n jọ lóṣooṣù láti tún un kọ́. Wọ́n gba ohùn ìjókòó àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà ń lo àkókò púpọ̀ lórí bóyá arúfin ń pa òfin àmójútó mọ́: ṣé ó wálé lásìkò, ṣé ó kúrò nílùú. Àwọn tó gbà á túbọ̀ ń bi í nípa ohun tó rò kó tó ṣe ohun tó ṣe. Láàárín ọdún méjì, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ náà ló tún jẹ̀bi ọ̀ràn tuntun. Lọ́wọ́ àwọn tó gbà á, nǹkan bí 25.